Ṣé kí n san £400 sí i kí ọkọ̀ tuntun mi lè ní keyless?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí, Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. A fẹ́ gba ọkọ̀ tuntun ti ilé iṣẹ́ Jámánì kan, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń tà á fún wa ní bọ́tìnnì la ó máa fi tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn ti wà nínú owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà máa ṣí láìjẹ́ pé a yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, èyí tó ń pè ní keyless, a ó san £400 sí i. Ọkọ mi ní ká má dá a lóhùn, pé olè la fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún yẹn. Ọmọ mi ní bí a ò bá gbà á, a ò ní rí ọkọ̀ náà tà bó bá dọ̀la. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣe, ẹrù kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Iwájú ilé la máa ń gbé ọkọ̀ sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, ẹ sì kú oríire ọkọ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní ìlú tẹ́ ẹ wà yìí: èyí tó sọnù, èyí tó kú, àti èyí tó ku òun nìkan nílé lẹ́yìn tí olè ti wa ọkọ̀ lọ. Ẹ ó ti fura sí ibi tí mo dúró. Bó bá jẹ́ irú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni ilé iṣẹ́ yẹn ṣì ń kó fún èèyàn, ẹ má san £400 náà. Bó bá jẹ́ irú tuntun, tó ń sùn bí a bá gbé e kalẹ̀ tàbí tó lè jẹ́ kí ọkọ̀ mọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe jìnnà tó, mi ò ní bá yín jà bẹ́ ẹ bá gbà á. Ọkọ yín jàre, àmọ́ ohun kan wà tí wọn ò tíì rò mọ́ ọn. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń pò mọ́ra wọn tí wọ́n á máa pè ní keyless. Èkíní ni rímóòtù lásán, bọ́tìnnì ara kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyẹn ti pẹ́. Renault ti fi sára ọkọ̀ Fuego ní 1982, agbára káká sì lẹ fi máa rí ọkọ̀ tuntun tí kò ní in lónìí. Èkejì ni bọ́tìnnì tó ń tan ẹ́ńjìnnì: kọ́kọ́rọ́ á wà nínú báàgì yín, ọwọ́ yín á kàn tẹ bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fẹ́ gba £400 lé lórí: ẹ ò ní tẹ nǹkan kan rárá, bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan háńdù ilẹ̀kùn, ó ti ṣí nìyẹn. Orúkọ tí kálukú fi ń ta tiẹ̀ yàtọ̀. BMW ń pè é ní Comfort Access, Audi ń pè é ní Advanced Key, Škoda ń pè é ní KESSY, Mercedes sì ń pè é ní KEYLESS-GO, èyí tí wọ́n ti ń fi sára S-Class láti ìparí àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan háńdù, ọkọ̀ á pe kọ́kọ́rọ́. Ìpè yẹn kì í lọ jìnnà. Orí ìgbì rédíò bíi 125 kHz ló máa ń wà, kì í sì í ju mítà kan sí méjì lọ kó tó rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá gbọ́ ọ á jẹ́ ẹ padà, ohùn tiẹ̀ sì máa ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: 433 MHz ni nílẹ̀ Yúróòpù, 315 MHz ni ní Amẹ́ríkà. Inú ìdáhùn yẹn ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn méjèèjì nìkan jọ mọ̀ wà. Ọkọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ṣe rẹ́gí, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan síi ni yóò tún pè é nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀hún le gan-an, àwọn olè tí mò ń wí yìí kì í tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti tú u.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí tiwa ti lanu ni pé, ọkọ̀ gbà pé kọ́kọ́rọ́ tó bá ti gbọ́ òun, ìtòsí ló wà. Olè méjì á wá lóru. Ọ̀kan á dúró ti ọkọ̀, èkejì á lọ dúró ti ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀rọ á wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á fọwọ́ kan háńdù. Ọkọ̀ á pè. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ á gba ìpè yẹn, á jù ú sí ẹ̀rọ ẹnìkejì, ìyẹn á tún un pè, yóò gba ara ògiri wọlé. Kọ́kọ́rọ́ yín tó sùn sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà níbi tẹ́ ẹ kó o sí nígbà tẹ́ ẹ dé á gbọ́ ọ ketekete, á sì jẹ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ á ṣí. Wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnnì á tan. Gíláàsì ò fọ́, àláàmù ò ké. Àwọn ọlọ́pàá West Midlands gbé fídíò irú ẹ̀ kan jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Mercedes kan ní Solihull. Bí ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní ETH Zurich, ní Switzerland, tẹ iṣẹ́ wọn jáde: oríṣi ọkọ̀ 10 láti ilé iṣẹ́ 8 ni wọ́n dán wò, kò sí ọ̀kan tó dúró. ADAC, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Jámánì, náà ti dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ wò láti 2016, èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ló já sí asán. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á lọ, wọ́n tún ń gba owó lé e lórí. Nígbà tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ń kéde òfin tuntun lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní oṣù kejì ọdún 2025, ohun tí wọ́n sọ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ọkọ̀ tí wọ́n ń jí ní England àti Wales, àti pé ní Lọ́ńdọ̀nù tiwa yìí, ọlọ́pàá fojú bù ú sí 60. Ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5 ni wọ́n dá lábàá fún ẹni tí wọ́n bá ká ẹ̀rọ náà mọ́ lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ iwájú ilé yín ni ọkọ̀ máa sùn, kì í ṣe iwájú ilé ẹjọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ọkọ yín ò tíì rò mọ́ ọn nìyí: bọ́tìnnì tó ń tan ẹ́ńjìnnì ti wà nínú owó ọkọ̀ náà, ẹ gbà á, ẹ kọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ yín á ṣì máa pe kọ́kọ́rọ́, inú ọkọ̀ nìkan ni yóò ti máa pè é. Bẹ́ ẹ bá kọ £400 yẹn, olè ò ní lè fi ohùn tó gbé kiri ṣílẹ̀kùn. Yóò ní láti fọ́ gíláàsì tàbí kó fi irin ya ilẹ̀kùn, àláàmù á sì ké. Ṣùgbọ́n bó bá ráyè wọlé tán, ó ṣì lè ti inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà kó sì tan ẹ́ńjìnnì. Kíkọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ̀ ń dín ewu kù dáadáa, kò mú un kúrò. Mi ò fojú kéré ariwo o. Ní àdúgbò tí ilé so kọ́ra wọn bíi tiyín, tí ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹ, olè tó lè rí èyí tí kò ní pariwo mú kò ní jókòó ti èyí tó ń ké.

Wàyí o, irú kọ́kọ́rọ́ tuntun tí mò ń sọ, oríṣi méjì ni.

Oríṣi kan máa ń sùn. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bóyá ó ń mì tàbí ó dúró sójú kan. Bẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀, láìpẹ́ á paná ara rẹ̀, ẹni yòówù tó bá pè é kò ní jẹ́. Ford kó irú rẹ̀ fún Fiesta àti Focus nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019. Bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló máa fi dúró sójú kan kó tó sùn. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e nílẹ̀, á jí. Èyí wúlò púpọ̀ nítorí àsìkò tí olè fẹ́ràn jù ni àsìkò tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Àbùkù rẹ̀ ni pé bó bá wà lápò yín tẹ́ ẹ sì ń rìn nínú ọjà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ewu ìyẹn kéré sí tòru, àmọ́ ó wà.

Oríṣi kejì ló dá mi lójú jù. UWB, ìyẹn ultra-wideband, ni wọ́n ń pè é. Jaguar Land Rover wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi sára ọkọ̀, ní 2018. Òun kì í wo bí ohùn ṣe rinlẹ̀ tó, àkókò tí ìpè fi lọ tí ìdáhùn fi bọ̀ ló ń wọ̀n. Ohùn rédíò kì í yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ: láàárín nanosecond kan ṣoṣo, nǹkan bíi 30 sẹ̀ntímítà ló ń rìn. Olè lè gbé ohùn yẹn kiri bó ṣe wù ú, gbogbo ibi tó bá gbé e gbà ló ń fi kún àkókò, kò sí bó ṣe máa dín in kù. Ọkọ̀ á rí i pé kọ́kọ́rọ́ wà ní mítà 12 sí òun, kò sì ní ṣí. Àmọ́ pé UWB wà nínú ọkọ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń lò ó fún iṣẹ́ yìí. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan ní Ṣáínà fi hàn pé Tesla Model 3 tuntun tó ní UWB ṣì ṣeé gbé ohùn rẹ̀ kiri bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọn ò tíì fi UWB náà wọn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe jìnnà tó. Ohun tó kó àwọn oní-Tesla yọ ni nọ́ńbà àṣírí tí awakọ̀ lè yàn láti máa tẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, èyí tí wọ́n ti gbé jáde ní 2018. Bí ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ tan án ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé.

Ẹ má fi bí ọkọ̀ ṣe wọ́n tó mọ̀ ọ́n o. Thatcham Research, ilé iṣẹ́ tí àwọn oníǹṣọ́ránsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ tuntun ní máàkì lórí ààbò ní 2019. Nínú 11 tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, 6 ló gba "Poor" nítorí ọ̀rọ̀ keyless yìí. Toyota Corolla wà níbẹ̀, Porsche Macan náà wà níbẹ̀. Audi e-tron àti Mercedes B-Class gba máàkì tó ga jù.

Nítorí náà, ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó ń tà á fún yín. Ẹ bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà máa ń sùn bí a bá gbé e kalẹ̀, àti bóyá UWB ló ń lò láti wọn bó ṣe jìnnà sí ọkọ̀. Ẹ bi í bóyá ẹ̀yin fúnra yín lè pa keyless náà lójú sikiríìnì ọkọ̀. Ìdí tí mo fi ní ímeèlì ni pé ẹnu olùtajà dùn, àkọsílẹ̀ ni kì í yí padà. Bó bá fèsì pé "ọkọ̀ wa ní àláàmù tó lágbára", kò tíì dáhùn ohun tẹ́ ẹ bi í. Ẹ ní kó bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Àwọn yẹn á mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìrọ̀rùn náà, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo kórìíra nǹkan ìgbàlódé. Ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, abiyamọ tó gbé ọmọ sápá kan tó gbé ẹrù sápá kejì nínú òjò, keyless ń ṣe wọ́n lóore. Ó tún ṣòro kéèyàn ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú búùtù, nítorí ọkọ̀ á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jáde ní ọsibítù ní aago méje àárọ̀ tàbí tẹ́ ẹ ń wọ̀ ọ́ lálẹ́, mo mọ̀ pé kò dáa kéèyàn dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣókùnkùn kó máa tú báàgì. Ṣùgbọ́n rímóòtù tẹ́ ẹ fi kọ́ okùn káàdì iṣẹ́ yín á ṣe iṣẹ́ yẹn láì ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ṣí, iná ọkọ̀ náà tún tàn kẹ́ ẹ lè rí ibi tó wà. Iyì £400, lójú tèmi, ni títẹ bọ́tìnnì yẹn nìkan.

Wàhálà kan sì wà tí kò kan olè rárá, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti fi pè mí. Ọkọ á wakọ̀ gbé ìyàwó lọ sí ibùdó rélùwéè, tàbí kó jẹ́ òun ló fẹ́ wọkọ̀ ojú irin. Á bọ́ sílẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lápò ṣòkòtò. Ìyàwó á bọ́ sídìí sítíárìn. Ọkọ̀ á ké pí-pí díẹ̀, á kọ nǹkan pupa síwájú, ariwo ọmọ lẹ́yìn ò sì ní jẹ́ kó kà á. Ẹ́ńjìnnì ò ní kú lójú ọ̀nà, torí ewu ni bó bá kú. Ìyá á wakọ̀ dé ọjà, á pa á, á ra nǹkan, á padà wá tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ ò ní dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ ti dé Waterloo. Bọ́tìnnì tó ti wà nínú owó ọkọ̀ yín ló ń fa èyí, ẹ ò lè sá fún un, nítorí náà kí kálukú máa gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ dání.

Kọ́kọ́rọ́ tó bá sọnù pẹ̀lú, owó ni. Láti £200 lọ sókè ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, nítorí ẹ̀rọ inú rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tí a ó fi mú un mọ ọkọ̀. Bátìrì rẹ̀ ò wọ́n, CR2032 ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Ẹ ti mọ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọdé bá gbé e mì, nítorí náà àwọn kan ń fi nǹkan kíkorò pa á lójú kí ọmọ lè tu ú dànù. Nǹkan kíkorò yẹn kì í jẹ́ kó fara kan irin dáadáa nínú kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ̀ ẹ́ sì rò pé bátìrì tuntun ló ti kú. Ẹ kàn wá èyí tí wọn ò fi pa. Kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi irin kọ́kọ́rọ́ gidi hàn yín. Ó wà nínú ike yẹn: ẹ ó ti ohun kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì fà á yọ. Ihò rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ó lè jẹ́ abẹ́ ìdérí háńdù tí ẹ ní láti fi ìmú irin náà gbé sókè. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ibi tí a ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ tí bátìrì rẹ̀ kú sí kí ẹ́ńjìnnì lè tan, torí ó ní ojú ibì kan, tí kò jìnnà sí bọ́tìnnì tàbí sítíárìn. Ẹni tí kò mọ èyí ló ń pe irú wa lóru, owó òru sì yàtọ̀ sí tọ̀sán.

Bẹ́ ẹ bá gbà á o, bẹ́ ẹ sì kọ̀ ọ́ o, ẹ ra àpò Faraday méjì, ìyẹn àpò tí kì í jẹ́ kí ohùn rédíò wọlé tàbí kó jáde, ọ̀kan fún kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ ń lò, ọ̀kan fún èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ dán an wò lóòótọ́: ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lọ dúró ti ọkọ̀, ẹ fọwọ́ kan háńdù, bẹ́ ẹ bá sì kọ keyless ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ ẹ lóhùn, ẹ dá àpò náà padà. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ẹ tún un dán wò, torí ibi tó ń ká ni inú rẹ̀ ti máa ń ya. Àwọn kan ní inú microwave ni kí a máa kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ìrẹsì gbóná láì wo inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yín máa sun.

Àpò nìkan ò tó mọ́, nítorí àwọn olè kan ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ní 2022, wọ́n jí RAV4 ti Ian Tabor ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ààbò ọkọ̀ gan-an sì ni ọkùnrin náà ń ṣe. Wọ́n ti kọ́kọ́ tú bọ́ḿpà àti iná iwájú. Òun àti Ken Tindell, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ bíi tirẹ̀, tọ pinpin rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 2023: wáyà iná iwájú ni olè fi ń bá kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, yóò purọ́ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ti dé. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jọ ohun ìṣeré Game Boy àtijọ́, òun á ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ó pọ̀ lára àwọn Hyundai àti Kia débi pé Hyundai nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó ni Ioniq 5 wá san £49 ní 2025 kí wọ́n lè tún ààbò rẹ̀ ṣe. Ta ló yẹ kó san £49 yẹn? Mi ò rò pé oníọkọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn irin ìdènà sítíárìn, èyí tó bo gbogbo rẹ̀ tó ṣeé rí láti ìta. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìgérin ló ń gé e, ariwo ìyẹn sì máa jí Thamesmead. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tracker, ẹ̀rọ tó ń tọ ipa ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá máa rà á, kó jẹ́ èyí tí Thatcham fọwọ́ sí: S7 ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, S5 tún ń mọ̀ bóyá awakọ̀ tó ni ín ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa gbà. Ẹ má sì sọ kọ́kọ́rọ́ kejì nù, nítorí bí ọkọ̀ bá lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ní kẹ́ ẹ kó méjèèjì wá.

Ti ọmọ yín kò gba àkókò. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù máa wo máìlì tó ti rìn, ìwé sáfíìsì rẹ̀, ara rẹ̀ àti táyà rẹ̀. Lórí ọkọ̀ olówó ńlá, wọ́n lè béèrè keyless. Lórí irú tẹ́ ẹ fẹ́ rà, £400 òní kò ní padà wá bá yín ní £400. Ṣùgbọ́n ó tọ́ bó bá sọ pé ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ pinnu. Inú háńdù ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ ni wọ́n máa ń to àwọn ohun tó ń pe kọ́kọ́rọ́ sí nígbà tí wọ́n ń kàn án, kì í rọrùn láti fi kún un lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní àwọn lè bá yín fi ti ọjà sí i bó bá yá. Ẹ sá fún un. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí wọ́n bá yọ ìdáàbòbò tí ilé iṣẹ́ fi sí ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́nà, wọ́n á ti chip kọ́kọ́rọ́ yín gan-an mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó máa jẹ́ ọkọ̀ lóhùn tọ̀sán-tòru. Ẹni yòówù tó bá ti wọlé lè wà á lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ ẹ ò bá sọ fún ìnṣọ́ránsì pé ẹ ti yí nǹkan padà lára ọkọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé náà, torí mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ yìí pọ̀ ní Ladipo àti káàkiri Èkó. Ẹni tó sì ń wa tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, tó fẹ́ ra rímóòtù mìíràn, kó yí ti àtijọ́ lẹ́yìn, kó ka FCC ID rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ rédíò mọ̀ ní Amẹ́ríkà, kó tó sanwó. Ti Yúróòpù lè jọ ọ́ bí ìbejì, 433 MHz ló ń sọ, 315 MHz ni ọkọ̀ ń gbọ́.

Fún àwọn òǹkàwé wa ní Houston àti Maryland tí garaji wọn so mọ́ ilé: ẹ́ńjìnnì tí bọ́tìnnì ń tan rọrùn láti gbàgbé, pàápàá haíbíríìdì tí kì í dún. Ìwé ìròyìn New York Times ka èèyàn 28 tí èéfín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pa ní Amẹ́ríkà láàárín 2006 àti 2018. A mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe nílé, ọ̀kan náà ni. Toyota ti ń jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ wọn níbẹ̀ máa pa ẹ́ńjìnnì fúnra wọn láti máàdẹ́ẹ̀lì 2020. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wọlé sínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n, lórí ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi, ẹ fi keyless entry sílẹ̀, àfi bí ìdáhùn ímeèlì bá sọ pé UWB ni tàbí pé kọ́kọ́rọ́ náà ń sùn, tí ọwọ́ yín sì nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fi owó náà ra irin sítíárìn àti àpò méjì, kí ìyókù wọ inú owó tracker. Ẹ lè dán ti oorun wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n máa ní ọkọ̀ kan tó ní keyless tí wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú lápá awakọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì títí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan háńdù. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í sùn, ohun yòówù kí olùtajà máa sọ.